Màmá Tónítóní Lórí Ebè Kábéèjì

Ikọ́ ni ó gbé Màmá Tónítóní wá sí ilé ọmọ rẹ̀, kì í sì í ṣe ikọ́ tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Kábéèjì, ni àyà ń dùn. Ọ̀gbìn ẹ̀fọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Láti ẹ̀yìnkùlé títí dé etí odò kékeré tó wà nísàlẹ̀, ebè kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti ata ni ó tò lọ bí ìjókòó inú ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà tí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni ó ti ń gbé ẹ̀rọ ìfín-oògùn kọ́ ẹ̀yìn, tí ó ń rìn láàrin ebè, tí ó ń fín oògùn kòkòrò sọ́tùn-ún sósì. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, a gbé oògùn náà wá sí i lójú àti nímú, òun a kàn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, a sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí òjò tó kọjá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ikọ́ náà dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í lórí àga onígi, ó ń ṣọ́ bí àyà rẹ̀ ti ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ wálẹ̀, ó sì ń bẹ Ọlọ́run lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dókítà kò fepo bọyọ̀. Ó ní oògùn kòkòrò ni ó ń jẹ ọkùnrin náà ní ẹ̀dọ̀fóró, bí kò bá sì gbé ẹ̀rọ yẹn kalẹ̀, ìgbà mìíràn wọ́n lè gbé e dé kí ẹ̀pa má bóró mọ́.

Bàbá Kábéèjì kì í ṣe olóríkunkun, àmọ́ ó mọ ohun tí kòkòrò lè ṣe. Ó ti rí ebè tó tutù minimini lálẹ́ tí ó di asẹ́ lówùúrọ̀. "Dókítà mọ àyà," ni ó wí fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tí wọ́n padà dé ilé. "Kò mọ kábéèjì. Bí mo bá gbé e kalẹ̀, kí la máa jẹ?"

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni, kò fèsì lọ́jọ́ yẹn. Obìnrin tó máa ń wọn nǹkan kó tó gé e ni. Ó lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn kan wá bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó sì jókòó tẹ̀ lé e títí ó fi béèrè gbogbo ohun tó fẹ́ béèrè. Nígbà tó dé, ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Ebè kan péré ni mo ń tọrọ," ó ní. "Kí ẹ má fín nǹkan kan sí i. Bí kábéèjì rẹ̀ bá dàgbà láìní ihò, ẹ máa gbé ẹ̀rọ yẹn sọnù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ láé."

"Láé?"

"Láé, olówó orí mi."

Ọkọ rẹ̀ wò ó. Wọ́n ti gbé pọ̀ tó láti mọ̀ pé bí obìnrin yìí bá ní òun kò ní sọ̀rọ̀ mọ́, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ó fún un ní ebè tó sún mọ́ ilé jù lọ. Ó tún fi àwàdà kún un pé òun kò tilẹ̀ ní yọjú síbẹ̀ títí kábéèjì náà yóò fi di orí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ojú òun ni ó jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbin ebè náà tán ni Màmá Tónítóní kó ẹrù rẹ̀ dé. Wọ́n sọ àdéhùn náà fún un, kò sì sí òwúrọ̀ kan tí kì í gbé ebè kábéèjì yẹn síwájú Olúwa kí ó tó gbé ara rẹ̀ síbẹ̀. Ó ti gbàdúrà lórí ọmọ, lórí ilé, lórí iṣẹ́. Kò gbàdúrà lórí ewé rí. Ṣùgbọ́n ó yé e dáadáa pé èémí ọmọ òun ni ó so mọ́ ewé náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni bí wọ́n ti gbìn ín àti ìdí tí wọ́n fi gbìn ín bẹ́ẹ̀, nítorí kò béèrè.

Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ti fún un, níbi tí ó ti lo gbogbo ìgbà agbára rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìmọ́tótó, tí ó ń gbálẹ̀, tí ó ń nulẹ̀, tí ó ń fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Màmá ti dé, kí ó tẹ orí ba wo ilẹ̀. Bí ó bá rí ojú ara rẹ̀, Màmá ti dé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n gba ìgbálẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì kọrin fún un. Kò sí ẹni tó rántí gba ojú tó fi ń rí ìdọ̀tí. Ó gbé ìyẹn bọ̀ wá sí ilé ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òun àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì dùn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ni eré wọn ń bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ fi ìkòkò yẹn sílẹ̀, mà. Mò ń bọ̀ wá fọ̀ ọ́."

"Mo ti gbọ́," Màmá a wí, a sì máa fọ ìkòkò lọ.

"Màmá, aṣọ tó wà lórí okùn yẹn, ẹ fi sílẹ̀, mà."

"Mo ti fi í sílẹ̀," Màmá a wí, nígbà tó ti ká a, tó ti tò ó, tó sì ti fi kànfọ́ sí àárín rẹ̀.

Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìyàwó tí a kọ́ dáadáa kò gbọdọ̀ wo ìyá ọkọ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ kí ó má sọ pé kí ó fi sílẹ̀. Ìyá ọkọ tó ní làákàyè kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Bí ìyàwó kò bá sọ ọ́, Màmá ì bá ní ọmọ náà kò nítìjú. Bí Màmá bá gbọ́ràn, ìyàwó ì bá ní ọwọ́ òun ti pọ̀ jù lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kan náà kí ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́, ilé sì ń dán.

Ó wá kù dẹ̀dẹ̀ kí kábéèjì di orí tán. Bàbá Kábéèjì ní òun máa bá ọkọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ lọ sí ọjà ìlú kejì, òun á dé lálẹ́, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, òun á wá wo ebè ìyàwó òun ní àwòfín. Ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, ó wúkọ́ lé e, ó sì jáde.

Aṣọ ilé ìwé ni ìyàwó rẹ̀ ń rán lásìkò yẹn, ó sì ní láti lọ wọn àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, téèpù ìwọ̀n rọ̀ sí i lọ́rùn.

"Màmá, ẹ bá mi fi ojú sí ilé. Bí ẹ bá sì dé ẹ̀yìnkùlé, ewé tó wà yí etí ebè mi ká yẹn, ẹ fi sílẹ̀, mà. Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá."

"Mo ti gbọ́, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Máa lọ, kí o má jẹ́ kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ dúró nínú oòrùn."

Ìyàwó rìn díẹ̀, ó yíjú padà bí ẹni fẹ́ fi nǹkan kún un, ṣùgbọ́n Màmá ti ń juwọ́ sí i, ó sì lọ.

Nígbà tí Màmá ṣe iṣẹ́ inú ilé tán tí kò rí nǹkan nù mọ́, ó gba ẹ̀yìn jáde. Ó dúró níwájú ebè náà, inú rẹ̀ sì kọ́kọ́ dùn. Kábéèjì jókòó sórí ilẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ewé wọn nípọn, wọ́n ní àwọ̀ ọ̀run tó fẹ́ ṣú, ìrì òwúrọ̀ ṣì ń yí gbirigbiri nínú ìṣẹ́po wọn. Àlùbọ́sà dúró láàárín wọn bí àwọn ọmọ tí wọ́n tò sáàárín àgbàlagbà. Efinrin wà ní igun kọ̀ọ̀kan, òórùn rẹ̀ sì kún ibẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó yẹ ewé kábéèjì kan wò lójú àti lẹ́yìn. Kò sí ihò. Ó ní, "Olúwa, o ṣé."

Nígbà náà ni ó wo etí ebè.

Ewé kan wà níbẹ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n gbìn yí ebè náà ká bí ọgbà. Bí ẹ bá rí i, àánú á ṣe yín. Kòkòrò ti fi í ṣe ilé. Ọmọ labalábá tí kò tíì yọ ìyẹ́, aláwọ̀ ewé, tí kò nípọn ju òwú abẹ́rẹ́ lọ, ń rìn lórí rẹ̀ ní wìrìwìrì. Àfòpiná kékeré aláwọ̀ eérú ń fò sókè bí èèyàn bá ti fọwọ́ kan igi rẹ̀. Ẹyin wà lẹ́yìn ewé, ihò wà lójú ewé, èyí tí kò lihò nínú rẹ̀ ti di egungun ewé lásán.

Màmá Tónítóní dúró, ó fọwọ́ lérán. Ó ti yé e. Ọmọbìnrin yìí kò ráàyè ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò jẹ́ kí ó gbé orí sókè, ìdọ̀tí sì ti bẹ̀rẹ̀ ní etí ebè rẹ̀, ojú sì ń tì í láti ní kí àgbàlagbà bá òun tu ú. Ìdí nìyẹn tó fi ní "ẹ fi sílẹ̀, mà", tó tún yíjú padà. Ọ̀la ni ọkọ rẹ̀ sì ń bọ̀ wá wo ebè. Bí ọkùnrin náà bá rí etí ebè tó rí báyìí, ṣé ó tún máa ní sùúrù láti wo àárín? Ní ilé ìwòsàn, bí mátíróònù àgbà bá ń bọ̀ wá yẹ wọ́ọ̀dù wò, ẹnu ọ̀nà ni ó ń kọ́kọ́ wò.

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Ó fa gbogbo ewé náà tu. Kò ṣẹ́ ẹ kù sílẹ̀, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ àbọ̀. Ó gbọn erùpẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀ nù, ó sì kó gbogbo rẹ̀ jọ ní òkìtì kan sí ẹsẹ̀ ebè, lábẹ́ kábéèjì, kí ó lè wá gbé e dà nù nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Ó gbá etí ebè náà yíká. Orin ìyìn ni ó ń kọ ní gbogbo àsìkò yẹn, ohùn rẹ̀ sì dára sí i bí ilẹ̀ ti ń mọ́ sí i. Nígbà tó parí, ebè náà dà bí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí. Ó wẹwọ́, ó jókòó sábẹ́ òjìji ilé, oorun sì gbé e lọ.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ìyàwó dé. Màmá kò jẹ́ kí ó sọ báàgì kalẹ̀.

"Wá wo nǹkan," ó ní, ó fà á lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìn.

Ìyàwó dúró. Ó wo etí ebè. Ó wo òkìtì. Lára òkìtì náà, àwọn ọmọ labalábá ti ń jáde bọ̀, nítorí ewé ti rọ, wọn kò sì rí oúnjẹ nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn kan ti ń gun kábéèjì. Ọ̀kan fi okùn tín-ín-rín kan rọ̀ sábẹ́ ewé tó tóbi jù, ó ń jò nínú afẹ́fẹ́.

Ìyàwó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ ṣé, mà," ó ní. "Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Màmá Tónítóní ti gbọ́ ohùn yẹn rí. Ohùn àwọn tí dókítà bá sọ̀rọ̀ tán ní kọ̀rọ̀ ni, tí wọ́n wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà.

"Kí ni mo ṣe?" ó béèrè.

"Kò sí nǹkan, mà."

"Mo ti gbálẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń sọ pé kò sí nǹkan. Dìde, kí o sọ ọ́."

Ìyàwó dìde, ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Ó ní òórùn àlùbọ́sà àti efinrin ni ó ń da àfòpiná lórí rú kí ó má tètè mọ ibi tí kábéèjì wà. Ó ní ewé etí ebè ni ó wá ń pè é sọ́dọ̀, nítorí kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ ju kábéèjì lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ ni ọmọ wọn ń jókòó jẹun.

"Nítorí kí wọ́n lè jẹ ẹ́ ni mo ṣe gbìn ín, mà. Jíjẹ tí wọ́n ń jẹ ẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn."

Màmá kò mọ ìgbà tó jókòó sórí ilẹ̀. "Kí ni wọ́n ń pe ewé náà?"

"Músítádì, mà."

"Músítádì." Màmá wo òkìtì náà. "Èyí tí Olúwa sọ̀rọ̀ rẹ̀?"

"Ẹbí rẹ̀ ni, mà."

"Láti kíláàsì àwọn ọmọdé ni wọ́n ti ń sọ fún mi nípa músítádì. Wọ́n ní hóró rẹ̀ kéré, wọ́n ní á di igi. Mo dàgbà, mo darúgbó, mi ò fojú kàn án rí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, mo fà á tu."

Ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in títí ó fi kan omijé, nígbà tí wọ́n sì kan omijé, wọn kò tètè kúrò níbẹ̀. Màmá ní, "Àyà ọmọ mi ni mo fọwọ́ mi tu," ìyàwó sì gbá a mọ́ra, téèpù ìwọ̀n sì lọ́ mọ́ àwọn méjèèjì lára.

Wọ́n gbé òkìtì náà lọ rì sínú omi ní ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó lè wá àwọn tó ti gun kábéèjì. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀ ni ìyàwó sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ pé èmi ni mo tu ú."

"Irọ́ nìyẹn."

"Kì í ṣe èyí tó burú, mà."

"Fi èyí tó dára hàn mí."

"Bí ẹ bá sọ pé ẹ̀yin ni, kò ní lè bínú. Á kàn dákẹ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kó bínú sí mi ju kó dákẹ́ sí yín lọ."

Màmá fi ọwọ́ tutù kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Mo ti mọ dídákẹ́ rẹ̀ kí ó tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Lọ wá nǹkan jẹ."

Àárẹ̀ mú ọkọ nígbà tó dé, ó jẹun, ó sùn. Wọn kò rí ààyè sọ nǹkan kan fún un.

Kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa, Màmá wà lórí eékún rẹ̀ nínú yàrá, ó gbọ́ ìró kan lẹ́yìn ilé. Ìró ọwọ́ ẹ̀rọ ni, tí wọ́n ń fà á sókè tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kún inú rẹ̀. Kò ṣe àmín. Ó dìde bó ti wà, láìwọ bàtà, ó gba ẹ̀yìn jáde.

Bàbá Kábéèjì dúró ti ebè náà. Àwọn kábéèjì tó wà lẹ́sẹ̀ ebè ti lihò yánnayànna, ọmọ labalábá ń rìn lórí wọn. Ẹ̀rọ wà lẹ́yìn rẹ̀, oògùn ti wà nínú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà lórí ohun tí wọ́n fi ń fín in. Màmá gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó bọ́ sórí ebè, ó dúró sáàárín kábéèjì.

Ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ kò lè rí ìyá rẹ̀ lówùúrọ̀ kí ó má kí i. Ó gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀, ẹ̀rọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́ gbé e ṣubú, oògùn ń mì gbọ̀ngbọ̀n nínú rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kúrò níbẹ̀, mà, oògùn ló wà lọ́wọ́ mi."

"Mo mọ̀. Fín in."

"Màmá."

"Èmi ni kòkòrò tó ba ebè yìí jẹ́. Èmi ni kí o kọ́kọ́ fín."

Ìyàwó ti sáré jáde, gèlè kò sí lórí rẹ̀. "Ẹ má dá Màmá lóhùn," ó ní. "Èmi ni mo..."

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún," Màmá wí fún un, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni tó ń fún ọmọ lóúnjẹ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀: ewé, kòkòrò, ìgbálẹ̀, òkìtì. Kò fi nǹkan kan pamọ́, kò sì fi nǹkan kan ṣàwáwí.

Bàbá Kábéèjì dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀, nítorí dídákẹ́ tó ń bẹ̀rù náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà rọra bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀, ó yẹ ewé kan wò. Ó lọ sí ìkejì. Ó yí ebè náà ká.

"Ìgbà wo lẹ tu ú, mà?"

"Àná, lẹ́yìn tí o jáde."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ìgbà wo lo rí mi ṣe nǹkan láàbọ̀ rí?"

Ó mi orí. "Láàárọ̀ àná kí n tó lọ, mo yẹ gbogbo ewé ibí yìí wò. Kò sí ihò kankan níbẹ̀."

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò?" ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹ ní ẹ ò ní yọjú síbẹ̀ títí á fi di orí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì ń wo ibòmíràn. "Ojoojúmọ́ ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ tó jí. Mo ń wá ihò. Nígbà tí mi ò rí i, inú bí mi díẹ̀. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?"

Ó tẹ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn.

Ọkùnrin náà jókòó sí poro, ẹ̀rọ náà sì fi ìdí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ronú bí àgbẹ̀ ti ń ronú, ó ń fi ìka yí erùpẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ," ó ní. "Bí mo bá fín oògùn, kòkòrò kì í wá. Bí oògùn bá tán lára ewé, wọ́n á dé. Bí mo ṣe mọ̀ pé oògùn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ewé yìí wà níbẹ̀, kòkòrò ò fọwọ́ kan kábéèjì. Ẹ tu ewé, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti dé." Ó gbé ojú sókè wo ìyá rẹ̀, tó ṣì dúró sáàárín kábéèjì bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. "Màmá, ká ní ẹ ò tu ú ni, mo máa wá síbí lónìí, mo máa rí kábéèjì tó dára, mo sì máa sọ pé oríire ni. Mo máa sọ pé kòkòrò ò kàn wá lọ́dún yìí ni. Mo ti múra ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀."

"Ṣé ẹ ti múra rẹ̀ sílẹ̀?" ìyàwó rẹ̀ wí.

"Dáadáa."

Ó bọ́ okùn ẹ̀rọ náà kúrò ní èjìká kan, ó bọ́ ọ kúrò ní ìkejì. Ikọ́ gbé e, ó sì dúró kí ó kọjá kí ó tó dìde. Ó ní, "Mi ò ní gbé e mọ́." Kò sọ ọ́ tagbára-tagbára. Ó gbé ẹ̀rọ náà jìnnà sí wọn, ó wẹwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó padà wá. "Àmọ́ àwọn tó ti débí ńkọ́? Ẹ̀mí wọn gùn o."

"Ìyẹn ò tó nǹkan," Màmá wí, ara rẹ̀ sì ti ń yá. "Ẹ bu omi. Ẹ po ọṣẹ sínú rẹ̀, kó má pọ̀ jù. Ìyàwó mi, wá àwọn àjákù aṣọ rẹ tó bá rọ̀."

Bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n pín ebè náà láàárín ara wọn. Màmá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan gbé ewé, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kejì nù ún láti ìdí rẹ̀ wá sí etí, lójú àti lẹ́yìn, tí wọ́n ń gbọn kòkòrò sínú omi ọṣẹ. Bó bá rí i pé ọmọ rẹ̀ sáré ju bó ti yẹ lọ, a ní, "Padà síbẹ̀. Kábéèjì tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ìwọ kọ́ ni bàbá rẹ̀?" Ọmọ rẹ̀ a rẹ́rìn-ín, a sì padà síbẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ ebè kò ṣeé wò sàn mọ́. Ọkùnrin náà fi ọ̀bẹ gé wọn, ó kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù, nígbà tí oòrùn yọ sórí wọn, wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n tutù, omi ọṣẹ ń kán lára wọn.

Ọkùnrin náà ló tún kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ni ó kọ sí ìyàwó rẹ̀.

"Irúgbìn músítádì yẹn," ó ní, "ṣé ó kù?"

"Ẹ̀kúnwọ́ kan kù."

"Kò lè yí gbogbo ebè ká."

Ìyàwó fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Gbogbo ebè wo?"

"Títí dé odò," ó ní. "Ata ńkọ́? Kí ni wọ́n ń gbìn sétí ata? Ṣé olùkọ́ yín sọ ìyẹn?"

"Ó sọ ọ́."

"Wá sọ ọ́ fún mi, bí o bá ráàyè. Máa rọra sọ ọ́. Èmi kì í tètè gbọ́."

"Mo mọ̀," ìyàwó rẹ̀ wí. Ó lọ jókòó tì í ní poro, ó fi èjìká ti èjìká rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ata.

Ìgbà tí ó sọ̀rọ̀ dé ibì kan ni ọkùnrin náà wò yíká, tí kò rí ìyá rẹ̀. Ọpọ́n omi ọṣẹ rẹ̀ wà nílẹ̀, aṣọ ìnùwé rẹ̀ wà létí ọpọ́n. Nígbà tó na ọrùn, ó rí i lẹ́yìn efinrin tó wà ní igun ebè, níbi tí ewé ti pọ̀ jù. Ó wà lórí eékún rẹ̀, ẹ̀yìn ni ó kọ sí wọn, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

"Màmá," ó pè é, "kí lẹ ń ṣe níbẹ̀, mà?"

Màmá fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ nu ojú, ọṣẹ sì ta á lójú.

"Kòkòrò ni mò ń wá," ó ní. "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ."